Àlàfo Tí Kì-í-mì Dí

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin tó fẹ́ràn ara rẹ̀ dé góńgó, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Ẹ jókòó tì mí níbí, kí n júwe ọ̀kan fún yín. Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n ń pè é lójú, Kì-í-mì ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, òun ló sì ni ilé iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ti ń fi iná dán nǹkan wò. Mo ní òun ló ni ín. Ìjọba ló kọ́ ọ, ìjọba ló ń tọ́jú ẹ̀, ìjọba náà ló fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi òun fúnra rẹ̀ wò, ẹ ó gbọ́ "ilé iṣẹ́ mi," "ẹ̀rọ mi," "afẹ́fẹ́ mi." Àfi bí ẹni pé òun ló bí afẹ́fẹ́.

Orúkọ Kì-í-mì yẹn, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ fà á. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó jókòó sórí àga ọ́fíìsì, àga sì mì díẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Èèyàn mìíràn ì bá ká bébà sábẹ́ ẹ̀, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Kì í ṣe tiwa. Ó ní kí wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ títí ebi fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ tún un gbọ́! Láti òní lọ, nínú ilé iṣẹ́ tèmi, nǹkan kì í mì! Àga kì í mì! Tábìlì kì í mì! Ètè òṣìṣẹ́ pàápàá, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kì í mì!"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, orúkọ ti mọ́ ọn lára. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu àwọn tó ń gbálẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ó rò pé oríkì ni.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n tilẹ̀ ń ṣe níbẹ̀? Ìbéèrè gidi ni, òun gan-an ni Ọ̀gá Àgbà kì í sì í fẹ́ kí wọ́n bi òun. Ẹ jẹ́ kí n bá a dáhùn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń kọ́ bàlúù tó máa sáré ju ìró lọ ní ìlọ́po márùn-ún, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eré yẹn pọ̀ débi pé afẹ́fẹ́ tó bá kọlu imú bàlúù náà á di iná, irin lásán á sì yọ́ dànù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá ohun tí iná kò ní rí gbé ṣe. Ilé iṣẹ́ yìí ló ń dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n á gbé ègé kan síwájú ẹnu iná tó ń ké ramúramù, wọ́n á sì dúró sẹ́yìn gíláàsì láti wò ó bóyá á fọ́ ni tàbí kò ní í fọ́.

Ègé tó wà nílẹ̀ lásìkò tí mò ń sọ yìí, kò ní èkejì. Okùn èédú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni wọ́n hun bí aṣọ, ìpele lórí ìpele. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú oje amọ̀, wọ́n sun ún, wọ́n tún rẹ ẹ́, wọ́n tún sun ún, ó lé lọ́dún kan tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, títí ó fi le, tó dúdú, tó ń dán. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Adúmáadán. Obìnrin tó ṣe kòkáárí rẹ̀, Ẹnjiníà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ lásán kàn án. Òun náà ló ya férémù tó máa dì í mú lójú iná, nítorí pé ègé tí iná kò lè jó kò wúlò bí ohun tó dì í mú bá jábọ́.

Adúmáadán yìí ni Ọ̀gá Àgbà fẹ́ gùn dé ibi gíga. Àga Alága Ìgbìmọ̀ Àgbà, tó ń darí gbogbo ilé iṣẹ́ ìwádìí pátá, ti ṣófo, Mínísítà fúnra rẹ̀ sì ń bọ̀ wá wo ìdánwò náà. Bó bá yọrí sí rere, Ọ̀gá Àgbà ló máa jókòó lórí àga ọ̀hún. Bí kò bá yọrí sí rere ńkọ́? Kò ronú débẹ̀. Ó ti ní kí wọ́n wá wọn ìdí òun fún tìmùtìmù tuntun. Ó ti sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé kí wọ́n má pe òun ní "ọkọ wa" mọ́, "Alága wa" ni kí wọ́n máa wí.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni ọkùnrin kan ṣe ń dà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dá nìkan dà bẹ́ẹ̀ o. Igbákejì rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-sà, ọkùnrin kan tí ọrùn rẹ̀ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mi orí kọ̀. Bí Ọ̀gá Àgbà bá sín, Bẹ́ẹ̀ni-sà á ní, "Sínsín ọlọ́gbọ́n!" Bí Ọ̀gá bá ní oòrùn mú, Bẹ́ẹ̀ni-sà á nu ojú ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ni-sà yìí ló dá ọ̀rọ̀ ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí ẹnu iná bá ń ké nínú gbọ̀ngàn, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Gbogbo wọn á fi nǹkan dí etí. Nítorí náà, láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ti wà, àṣà kan wà níbẹ̀: ẹni yòówù tó bá rí ohun tó ń bàjẹ́, ì báà ṣe ẹnjiníà, ì báà ṣe ẹni tó ń gbálẹ̀, kó na ọwọ́ rẹ̀ sókè. Oníná, ọkùnrin tó máa ń dúró ti bọ́tìnnì pupa, á tẹ bọ́tìnnì lójú ẹsẹ̀, iná á kú. Kò ní bi ọ́ pé kí ló dé. Ìgbà tí iná bá kú tán ni wọ́n tó ń ṣàlàyé. Àṣà yìí ti gba ọ̀pọ̀ ègé là, ó sì ti gba ojú àwọn kan là pẹ̀lú.

Ó wá di ọjọ́ kan, Ọ̀gá Àgbà mú àlejò wọ gbọ̀ngàn nígbà tí iná ń jó lọ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè láti kí àwọn òṣìṣẹ́ bí ọba ṣe ń kí ará ìlú. Oníná tẹ bọ́tìnnì. Iná kú fin-ín.

"Ta ló pa iná mi?"

"Ẹ̀yin ni, sà," ni oníná wí. "Ẹ gbé ọwọ́ sókè."

"Èmi Ọ̀gá Àgbà gbé ọwọ́ sókè, o sì pa iná mọ́ mi lójú níwájú àlejò?"

Oníná fẹ́ ṣàlàyé, Bẹ́ẹ̀ni-sà sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Àfojúdi gbáà ni, sà! Ọwọ́ ẹni ńlá kì í gòkè lásán. Lójú tèmi, bí irú ọwọ́ yẹn bá gòkè, àtẹ́wọ́ ló yẹ kó tẹ̀lé e."

Ọ̀gá Àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò tíì wò ó dáadáa tẹ́lẹ̀. Lóòótọ́, ọwọ́ tó dára ni. Kó tó di ọjọ́ kejì, àṣẹ ti jáde, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn iná: ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gòkè níbẹ̀ mọ́ àfi ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà, bí ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà bá sì gòkè, kí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, kí wọ́n má ṣíwọ́ títí ọwọ́ náà yóò fi wálẹ̀.

Ẹnjiníà lọ bá a ní ọ́fíìsì. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí nǹkan bá ń bàjẹ́ lójú iná ńkọ́? Báwo la ṣe máa dá a dúró?"

"Kí ẹni tó bá rí i kọ̀wé sí mi," ni Ọ̀gá Àgbà dáhùn, "kó sì gbé e gba ọwọ́ Igbákejì mi."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èèyàn tó lọ sílé ẹ̀kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Mínísítà dé ni Ọ̀gá Àgbà wá yẹ férémù wò. Ó wọ gbọ̀ngàn, Bẹ́ẹ̀ni-sà tẹ̀lé e lẹ́yìn pẹ̀lú agboòrùn tí ó ṣí sílẹ̀ nínú ilé. Férémù náà wà lórí tábìlì, irin wúwo tó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì, Adúmáadán sì wà láàárín. Omi tútù ń gba ihò tó wà lẹ́yìn irin náà kọjá. Sípíríǹgì kéékèèké ló ń ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, àlàfo kan sì wà láàárín irin àti ègé, àlàfo tí kò nípọn ju èékánná lọ.

Ọ̀gá Àgbà na ìka kan, ó fi ta Adúmáadán. Adúmáadán dáhùn: kẹ́n.

Ojú Ọ̀gá Àgbà pọ́n.

"Kí ni mo gbọ́ yẹn?"

"Ó mì, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-sà wí, ó sì bo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ rírùn.

"Ó mì! Nínú ilé iṣẹ́ mi! Mínísítà ń bọ̀, ẹ sì gbé ohun tó ń mì kalẹ̀ dè é! Àlàfo wo tún nìyí? Ṣé irin ò tó ni, tí ẹ fi ṣẹ́ ẹ kù?"

Ẹnjiníà sún mọ́ ọn. "Sà, ó yẹ kó mì díẹ̀ ni. Bí iná bá kàn án, ẹnu irin yìí á gbóná, á sì fẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí omi ń mú tutù kò ní kúrò níbi tó wà, nítorí náà ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tó lè fẹ̀ sí, ọ̀dọ̀ ègé yìí náà ni. Bí kò bá bá àyè níbẹ̀, á fún un mọ́lẹ̀. Ègé yìí kò bẹ̀rù iná, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀, sà. Ó kàn máa fọ́ ni. Àlàfo yẹn ló máa dá a sí."

"Irin á fẹ̀? Ta ló fún un láṣẹ?"

"Iná ni, sà."

"Iná ta ni?"

Ẹnjiníà mí kanlẹ̀. "Iná yín ni, sà."

"Ẹ ò rí i! Iná mi ò ní ṣe ohun tí mi ò ní kó ṣe." Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ yọ gbogbo sípíríǹgì jálajàla yìí kúrò. Ẹ fi idẹ dí àlàfo náà gbọnin-gbọnin, kó má mì mọ́ láéláé. Kí idẹ náà yọ síwájú, kí wọ́n fín orúkọ mi àti gbogbo oyè mi sí i lára, níbi tí ojú Mínísítà ti máa tó o."

"Idẹ kẹ̀, sà? Ọ̀gá, idẹ á ti yọ́ kí iná yìí tó tilẹ̀ gbóná dé ibi tó ń lọ."

"Idẹ lásán ló ń yọ́," ni Ọ̀gá Àgbà wí. "Orúkọ mi wà lára tiwa."

Àtẹ́wọ́ sọ, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ò tilẹ̀ gòkè. Ẹnjiníà tún la ẹnu. Ọ̀gá Àgbà ní bó bá fi lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i, ẹlòmíràn ni yóò gbé Adúmáadán wá lọ́jọ́ tí Mínísítà bá dé, Ẹnjiníà á sì jókòó sílé. Obìnrin náà wo ègé dúdú tó ti tọ́jú bí ọmọ, ó wo Bẹ́ẹ̀ni-sà tó ń fi agboòrùn gún ilẹ̀, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó rò ó pé bí yóò bá tilẹ̀ bàjẹ́, kó bàjẹ́ lójú òun.

Kí n má purọ́ mọ́ Ọ̀gá Àgbà, ọ̀rọ̀ yẹn gún un díẹ̀ nínú. Bó ṣe ń lọ sílé nínú mọ́tò ìjọba, tí dẹ́rẹ́bà ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ kí ọkọ̀ má bàa mì, ó ń bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé irin máa ń fẹ̀ lóòótọ́ ni?" Ó ti kọ́ ọ rí nílé ẹ̀kọ́, ó tilẹ̀ yege nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn kò tíì ní oyè kankan. Ó gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń yí padà bí èèyàn bá ti di ńlá.

Nílé, ó bá káfíńtà lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn iwájú tuntun ni ó ń fi sí i, pákó tó nípọn, tó sì rẹwà. Káfíńtà ti fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ilẹ̀kùn àti férémù rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà tì í, ó sì mì.

"Kí lèyí?"

"Àyè ni, Bàbá. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, pákó á mu omi, á wú."

"Pákó mi kì í wú! Gbé igi lé e létí, kó há dáadáa."

Ìyàwó rẹ̀ jáde wá, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ní ọṣẹ. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ti fẹ́ ọkùnrin kan pẹ́ tó láti mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kò ní wọ̀ ọ́ létí ni, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ náà.

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yìí ṣiṣẹ́ ẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tí à bá máa gbà, ẹ ti ní kí wọ́n mọ bíríkì dí i."

"Alága kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, Ìyá wọn."

"Alága ò tíì jẹ oyè, ó ti ń dí ọ̀nà," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì padà lọ fọ àwo rẹ̀. Káfíńtà gbé igi lé ilẹ̀kùn létí. Nígbà tí wọ́n tì í, ó há mọ́ férémù wẹ́kú, kò mì. Ọ̀gá Àgbà sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tó ku ọ̀la, Ẹnjiníà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fi ègé irin lásán sínú férémù tuntun náà, kí òun tan iná sí i wò. Wọ́n ní kò sáàyè, àtẹ́wọ́ ni wọ́n fẹ́ dán wò. Láti òwúrọ̀ ni Bẹ́ẹ̀ni-sà ti to gbogbo òṣìṣẹ́ sí gbọ̀ngàn, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe pàtẹ́wọ́, àwọn ọkùnrin lóhùn ìsàlẹ̀, àwọn obìnrin lóhùn òkè. Ó bá oníná wí nítorí pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń fi lu itan, tó fi ọwọ́ kejì sórí bọ́tìnnì pupa.

"Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́! Àbí ìwọ nìkan lo ní ọwọ́ kan?"

"Ọ̀gá, bọ́tìnnì yìí ńkọ́?"

"Bọ́tìnnì ò ní sá lọ."

Báyìí ni wọ́n ṣe dán àtẹ́wọ́ wò títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta wọ́n. Iná nìkan ni wọn ò dán wò.

Ọjọ́ pé. Mínísítà dé, obìnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó jókòó síwájú gíláàsì, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan. Ọ̀gá Àgbà wọ kóòtù tuntun tí kò jẹ́ kó lè tẹ̀ rárá. Ojú rẹ̀ ń wo férémù láti òkèèrè. Idẹ ń dán yinrin, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ gbàgàdà láti etí dé etí. Adúmáadán wà lẹ́yìn orúkọ níbẹ̀, àfi kí ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó lè rí i.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá!" ni ó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ọlọ́lá jù lọ! Àti ẹ̀yin yòókù tí ẹ ò tíì lọ́lá! Kí n tó dé ibí, iná wà, ṣùgbọ́n iná ò mọ ohun tó ń ṣe. Irin wà, ṣùgbọ́n ó ń mì kiri bí aláìlólùtọ́jú. Èmi ni mo wo irin lójú, mo ní, 'Irin, dúró!' Irin sì dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe sọ fún gbogbo ilé iṣẹ́ ìwádìí lórílẹ̀-èdè yìí, bí wọ́n bá gbé mi dórí àga tó yẹ mí!" Ó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n dákẹ́. Ó tún gbé e sókè, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí i láìsọ̀rọ̀ kankan. Mínísítà wo aago rẹ̀.

"Ẹ tanná!" ni Ọ̀gá Àgbà kígbe.

Ẹnu iná ké. Gbogbo wọn dí etí. Lẹ́yìn gíláàsì, iná funfun bọ́ sójú Adúmáadán. Adúmáadán pọ́n, ó di bí ọsàn, ó ń lọ sí funfun, ó sì dúró gbọin. Inú Ẹnjiníà dùn, ó sì tún ń bẹ̀rù, torí iná kọ́ ló ń wò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ férémù ló ń wò. Idẹ ń wú. Irin ń fẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ gbà. Ní igun Adúmáadán lápá òsì, ó rí ìlà kan tó tín-ín-rín.

Ọwọ́ rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀. Ó ti dé èjìká kí ojú rẹ̀ tó bá ti Bẹ́ẹ̀ni-sà pàdé, tó ń fi ìka tọ́ka sí àṣẹ tó wà lára ògiri. Ẹnjiníà sọ ọwọ́ kalẹ̀. Yóò ka ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn sí ara rẹ̀ lọ́rùn fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀gá Àgbà ò rí ìlà kankan. Ohun tí òun ń wò ni orúkọ rẹ̀. Ó ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó rí i pé oyè tó gbẹ̀yìn nínú àwọn oyè náà ti ń tẹ̀. Ó pajú. Oyè náà ṣàn wálẹ̀, ó kán sórí irin, tọ̀. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ tẹ̀lé e. Ọ̀gá Àgbà yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ pa á! Ẹ pa iná!"

Ta ló máa gbọ́? Wọ́n rí ọwọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó na ọwọ́ náà sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i, ọkùnrin nísàlẹ̀, obìnrin lókè, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Ó wo oníná, ó la ẹnu gbàgà sí i. Oníná gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì pupa, ó fi ọwọ́ méjèèjì pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Àgbà gbé ọwọ́ kejì sókè, ó ń jù wọ́n méjèèjì, ó ń fò sókè nínú kóòtù tí kò jẹ́ kó lè tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-sà rí i pé ọ̀gá òun ń jó, ó dìde, ó sì fi orí júwe fún gbogbo wọn pé kí wọ́n dìde. Mínísítà tó jẹ́ àlejò rí i pé gbogbo ilé ti dìde, òun náà gbé àpò sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ díẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀.

Ara Adúmáadán ta pàà. Ó là sí méjì, ó là sí mẹ́rin, àfọ́kù rẹ̀ fò lu gíláàsì. Ẹnjiníà sáré gba àárín àwọn alátẹ́wọ́ kọjá, ó fi gbogbo ara tẹ bọ́tìnnì.

Iná kú. Ariwo rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àtẹ́wọ́ nìkan ló kù nínú gbọ̀ngàn, torí pé ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà méjèèjì ṣì wà lókè.

"Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀, sà," ni Ẹnjiníà wí.

Ó sọ wọ́n kalẹ̀. Gbogbo ilé dákẹ́, wọ́n wá gbọ́ tọ̀, tọ̀, tọ̀.

Mínísítà na ọrùn. "Ọ̀gá, ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí ni?"

"Ìpele kìíní nìyẹn, Mà," ni Ọ̀gá Àgbà wí, òógùn bò ó. "Ìpele... ìpele fífọ́."

"Kí ló ń kán sílẹ̀ yẹn?"

Mínísítà wo oníná, torí òun ló sún mọ́ ibẹ̀ jù.

"Orúkọ Ọ̀gá ni, Mà," ni oníná wí.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì fi ikọ́ bò ó. Ẹnjiníà ti wọ ẹ̀yìn gíláàsì lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ń wo àfọ́kù tí kò tíì tutù tó láti fi ọwọ́ kàn, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ láìpariwo. Mínísítà lọ dúró tì í.

"Ìwọ lo ya férémù yìí?"

"Èmi ni, Mà. Èyí tí mo yà ní àlàfo. Wọ́n ní kí n dí i. Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé, lẹ́yìn náà ni mo dákẹ́. Mo sì gbé ọwọ́ dé ìdajì, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀." Ó nu ojú. "Iná ò rí i gbé ṣe, Mà. Ẹ kọ ọ́ síbì kan pé iná kọ́ ló fọ́ ọ."

Mínísítà yíjú padà. "Ta ló ní kí wọ́n dí àlàfo?"

Ọ̀gá Àgbà wo Igbákejì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-sà wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó sì wo Mínísítà. Lójú gbogbo wọn, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé rẹ̀, ó mi orí kọ̀.

"Mo sọ fún un, Mà," ni ó wí. "Mo bẹ̀ ẹ́ títí."

Ẹnu ya oníná débi pé ó fẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mínísítà ní kí wọ́n ya àṣẹ ara ògiri dànù, kí àṣà ọwọ́ padà sí bó ṣe wà, kí Ẹnjiníà sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ègé mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má fi ìka kan ta á. Ní ti Ọ̀gá Àgbà, Mínísítà ní àánú rẹ̀ ṣe òun, òun ò ní lé e dànù. Ilé ìkẹ́rùsí kan wà lẹ́yìn ọgbà, níbi tí wọ́n ń kó àga tí ẹsẹ̀ wọn kúrú sí. Kó lọ máa ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Nǹkan tó ń mì pọ̀ níbẹ̀ tí yóò máa bá wí. Bẹ́ẹ̀ni-sà ló ṣí ilẹ̀kùn fún Mínísítà nígbà tó ń lọ, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí Mínísítà kò tíì sọ.

Mọ́tò ìjọba ò dúró de Kì-í-mì lọ́jọ́ náà. Ó wọ takisí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń mì, tí àga rẹ̀ ń mì, tí ẹnu dẹ́rẹ́bà rẹ̀ kò sì dúró láti ibẹ̀ títí dé ilé. Òjò tó ti ń ṣú láti ọ̀sán ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kí wọ́n tó dé. Àgbàrá kò jẹ́ kí takisí dé ẹnu ọ̀nà, ó já a sílẹ̀ ní ìkóríta. Ó fi kóòtù tuntun rìn ín, omi wọ ọ́ lára dé awọ.

Gbogbo ohun tó ń rò bó ṣe ń bọ̀ ni bí yóò ṣe wọlé, tí yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ orí ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó yí i. Kọ́kọ́rọ́ yí dáadáa. Ó ti ilẹ̀kùn.

Ó tún tì í.

"Ìyá wọn!"

"Mo wà níbí," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti inú. "Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń fà á. Ó ti wú. Káfíńtà ní òun ń bọ̀ bí òjò bá dá."

"Ẹ̀yìnkùlé..."

"Bíríkì wà níbẹ̀, Alága."

Ó fi iwájú orí ti pákó. Ó fẹ́ sunkún, ó sì sun ún, òjò sáà wà níbẹ̀ tí yóò bò ó. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ. Ohùn obìnrin náà rọ̀.

"Wọn ò gbé àga náà fún yín, àbí?"

"Wọn ò gbé e fún mi."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Èmi á fà, ẹ̀yin ẹ tì. Ẹ fi èjìká tì í, ẹ má fi ọwọ́ ṣe yànga."

Ó fi èjìká tì í. Obìnrin náà fà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó sá sábẹ́ òrùlé lódìkejì títì dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, wọ́n ń wò ó. Ó tún fi gbogbo ara tì í, ó sì tún tì í.

Ilẹ̀kùn náà kò mì.